Ọmọ Eléyín Kòkó àti Ìròyìn Ẹsẹ̀ Ìwé

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń ka ìwé ìròyìn ní ilé ìtọ́jú eyín tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Kì í ṣe ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kígbe tà lójú títì o. Ti àwọn oníṣègùn eyín ni, ewé mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí ọkọ̀ òkun máa ń gbé wá láti òkè òkun, tí ìròyìn inú rẹ̀ á sì ti gbó díẹ̀ kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọ̀gá wa, dókítà eyín, ló ń gbà á, ṣùgbọ́n kì í dá a kà. Ó máa ń sọ pé ohun tuntun tí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ̀ níbi iṣẹ́, kò tíì wọ ibi iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí aláìsàn ìkẹyìn bá ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú jáde, gbogbo wa á jókòó: ọ̀gá, akọ̀wé tó ń kọ káàdì, ìyá tó ń fọ ilẹ̀, àti èmi nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo ń kà á sókè, tí mo ń sọ ọ́ di Yorùbá bí mo ṣe ń lọ.

Ẹ má rò pé kíkà náà máa ń gbẹ. Lọ́jọ́ tí mo kà á fún wọn pé wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tuntun tí a fi ń gbẹ́ eyín, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń yí i, tó yára ju ohun tí ojú lè rí lọ, ìyá tó ń fọ ilẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, tí ọwọ́ dókítà bá wá yẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í yẹ̀, mà."

"Ẹ bá mi kọ̀wé sí wọn kí wọ́n ṣe é kó rọra. Ẹnu èèyàn kì í ṣe ojú irin rélùwéè."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ tiwa nígbà náà, bí iná bá lọ, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ránṣọ.

Ṣùgbọ́n mo ní àṣà burúkú kan. Àwọn ìròyìn ńlá tó wà lókè ni mo máa ń kà. Tí mo bá dé ẹsẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ orúkọ ẹni tó pààrọ̀ ibi iṣẹ́, ẹni tó fẹ́ ta àga, àti àwọn ìkìlọ̀ kéékèèké, ebi á ti máa pa wá, fèrè ọkọ̀ òkun á ti máa dún ní wọ́ọ̀fù, màá sì ní, "Ó parí." Màá fi okùn so ìwé náà kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìwé pọ̀ lára ìṣó yẹn, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ti kà wọ́n tán.

Iṣẹ́ kejì tí wọ́n fún mi ni kí n máa lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹnu. Ọdún tí ìjọba yí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni mo bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Malu Road nígbà náà, ibi tí ọkọ̀ kò ti bọ̀ ni kálukú ń wò. Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo lè sọ̀rọ̀ kí odidi ilé ẹ̀kọ́ pa rọ́rọ́. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ìjọ, ọmọ Ùròbò, gbogbo wọn ló ń gbọ́ mi, torí bí Yorùbá mi bá há síbì kan, màá fi pijin fà á yọ. N kò bá orín jà bíi ti àwọn kan lẹ́gbẹ́ mi. Ọmọ tí kò bá ní búrọ́ọ̀ṣì, mo fi hàn án bó ṣe máa rún orí orín kó rọ̀, kó wá fi gbá eyín láti ìdí èrìgì wá. Mo sì mú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan láti ilé wa, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ilé ẹ̀kọ́ wọn: Funfun ni iyì eyín. Àwọn ọmọ sọ ọ́ dorin.

Láti ara ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti dá àyẹ̀wò Mọ́ńdè sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó wọ kíláàsì, gbogbo ọmọ á ká ètè sókè. Eléyín funfun á lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, eléyín ìdọ̀tí á lọ sí ọwọ́ òsì. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Pàṣán ni n kò kọ́ wọn. Tíṣà tó ń bójú tó àyẹ̀wò náà ló fi ìyẹn kún un, méjì méjì ní àtẹ́lẹwọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wà lọ́wọ́ òsì. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Mo rò pé yóò jẹ́ kí wọ́n tètè máa fọnu.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó mọ̀wé bí ẹni mu ún. Eyín iwájú rẹ̀ lókè nílẹ̀ ló dú bí àwọ̀ kòkó. Ìlà sì là wọ́n já ní ìbú, bí ipa tí omi máa ń fi sílẹ̀ lára ògiri Ajégúnlẹ̀ nígbà tí àgbàrá bá fà tán. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ di èjìká rẹ̀ mú, tí mo tì í sí ọwọ́ òsì.

"Àǹtí, mo fọnu o," ó ní.

"Ẹnu tí wọ́n fọ̀ kì í rí báyìí."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lẹ́nu. Bó bá ti yọ lókèèrè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Eléyín kòkó! Kòkó dọ̀n kọ́m o!" Ó kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n máa ń pè tẹ́lẹ̀ tí àlejò bá dé pé kó wá kàwé.

Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, ìyá rẹ̀ mú un wá bá wa ní Àpápá. Ìyá yìí ń dín àkàrà fún àwọn awakọ̀ ní Malu Road, ọkọ rẹ̀ sì ń já ẹrù ní wọ́ọ̀fù. Ọmọ náà fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí, èrìgì rẹ̀ ti bó yánnayànna. Ó ti lọ ṣa òkú bátìrì rédíò lórí ààtàn, ó fọ́ ọ, ó yọ èédú inú rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ yanrìn, ó sì ń fi fọ eyín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti abẹ́ ìborùn: èédú lásán ni àwọn ìyá àgbà fi ń fọ eyín, ti bátìrì á lágbára jù ú lọ, torí pé iná ti gbé inú rẹ̀ rí.

"Dókítà," ìyá rẹ̀ ní, "ẹ bá mi yọ wọ́n."

Ọ̀gá ní, "Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ti iwájú. Kí ẹ wá fi èyí tí wọ́n ń rà sí i. Mo rí i lẹ́nu aya ọ̀gá wọ́ọ̀fù kan, ó ń dán bí àwo tánganran."

Ọ̀gá gbé ọmọ náà sórí àga, ó fi irin tín-ín-rín kan eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́, kọ́, kọ́. "Màmá, eyín yìí le ju tèmi lọ. Kò sí ihò nínú ẹyọ kan. Èmi kì í yọ eyín tó wà láàyè."

"Kí ló wá sọ ọ́ di dúdú?"

Ọ̀gá wo ọmọ náà, ó wo èmi náà. "Ẹ fún mi láyè kí n wádìí."

"Ọmọ mi ti jẹ pàṣán oṣù mẹ́ta, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wádìí. Bàbá kan wà ní Malu Road lọ́dọ̀ wa tó ń fi ẹ̀mú yọ eyín. Òun kì í wádìí. Tó bá di Sátidé, a ń lọ bá a."

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó jáde, ọmọ náà bojú wẹ̀yìn wò mí. Kò bínú, kò sì sunkún. Ó kàn ń wò mí. N kò lè wò ó padà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, kí aláìsàn tó dé, mo lọ sídìí ìṣó, mo tú gbogbo ìwé ìròyìn kalẹ̀. N kò wo òkè ẹyọ kan nínú wọn. Ẹsẹ̀ ìwé ni mo ń kà: ẹni tó pààrọ̀ ibi iṣẹ́, ẹni tó ta àga, ẹni tó kú. Ìwé kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, èmi ni mo so ó kọ́ síbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún kan. Ìlà mẹ́fà ni mo bá nísàlẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní kí oníṣègùn ṣọ́ra fún oògùn kan tí ń jẹ́ tẹtirasáíkílìn. Wọ́n ní bí a bá fún ọmọ kékeré, nígbà tí eyín tó máa bá a dàgbà ṣì ń mọ lábẹ́ èrìgì, oògùn náà a máa wọ inú eyín bí aró ṣe ń wọ aṣọ. Bí eyín bá hù jáde, yóò pọ́n rúsúrúsú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kàn án, yóò máa dú sí i. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Kò sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò.

Mo kà á sókè. Akọ̀wé dá bírò dúró. Ìyá tó ń fọ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kápúsù yẹn kọ́? Èyí tó pupa lápá kan, tó yẹ́lò lápá kejì?"

"Òun náà ni, mà."

"Áà! Èyí tí gbogbo wa ń tú sínú ògì ọmọ nígbà tó bá ń hu eyín!"

Ẹni tó bá bímọ ní Èkó láyé ìgbà náà mọ ohun tó ń sọ. Bí ara ọmọ bá gbóná, bó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n á ní eyín ló ń hù. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí i. Wọ́n á ṣí i bí ẹni ṣí ẹ̀pà, wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ògì, wọ́n á rò ó pọ̀. Ọ̀gá tó kàwé dé òkè òkun kò mọ̀ nípa ògì, ìyá tó ń fọ ilẹ̀ kò sì mọ̀ nípa ìlà mẹ́fà. Èmi tó wà láàárín àwọn méjèèjì, èmi ni mo sọ pé ó parí.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi ni mo gba ìwé yẹn wọlé, n kò kà á dópin. Ìwọ lo mọ ọ̀nà ilé wọn."

"Ṣé kí n mú ìwé náà dání, sà?"

"Mú un dání. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni kó o lò."

Mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò bá wọn nílé. Aládùúgbò kan ní wọ́n ti lọ sùn lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Ijora Badia. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, mo gba Malu Road lọ tààrà, mo bèèrè bàbá ẹlẹ́mú tó ń yọ eyín títí wọ́n fi tọ́ka ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin sí mi. Bí mo ṣe yọ, ọmọ náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá rẹ̀ ti gbá orí rẹ̀ mú mọ́ àyà. Ẹ̀mú wà nínú omi gbígbóná.

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́!"

Bàbá ẹlẹ́mú wò mí láti orí fìlà nọ́ọ̀sì dé bàtà. "Àpápá kò tó yín ni, Nọ́ọ̀sì? Ẹ tún wá gba oníbàárà mi?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi Màmá. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ sí ohun tí mo rò, màá bá yín di ọmọ náà mú."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ká ọwọ́. Mo kọjú sí ìyá ọmọ. "Màmá, nígbà tí ọmọ yìí ń hu eyín, kí lẹ ń fún un?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi."

"Ara rẹ̀ máa ń gbóná, ó ń yàgbẹ́ bí omi. Gbogbo eyín tó hù ló fẹ́ẹ̀ pa á. Bàbá rẹ̀ ti wọ wọ́ọ̀fù nígbà yẹn, ó ń ra kápúsù wá, pupa-àti-yẹ́lò. Mo ń tú u sínú ògì. Òun ló gbà á là, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́?"

"Oko la wà nígbà ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àgbo ni." Ó wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀. "Eyín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ funfun bí inú àgbọn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Mo yọ ìwé náà, mo ṣàlàyé fún un. Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti jókòó sílẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo fi bà á jẹ́."

"Rárá o, Màmá. Ọmọ wà láàyè, ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí gbogbo ìlú ń ṣe lẹ ṣe. Èmi ló yẹ kó mọ̀, ìwé yìí sì ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi láti ọdún kan. Eyín yìí kì í ṣe eyín jíjẹrà. Bí ẹ bá yọ ọ́, kò ní padà hù mọ́, èyí tí wọ́n ń rà kò sì lè họ ẹran lára egungun. Àwọ̀ ló ní, kò ní àrùn."

Bàbá ẹlẹ́mú sún mọ́ ọn, ó fi èékánná ta ọ̀kan nínú eyín náà. "Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Ẹ̀mú mi ì bá tẹ̀."

Kò sí ẹni tó tíì bi eléyín léèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ tì mí sí ọwọ́ òsì."

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ máa sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣì í?"

"Màá sọ ọ́."

"Lójú gbogbo wọn?"

"Lójú gbogbo wọn, àti tíṣà."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbọn iyanrìn nù lára ìró. "Ó dáa. Bí wọ́n bá nà án lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Túsìdè la máa padà wá síbí. Bàbá, ẹ má da omi yín nù."

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tó lu agogo. Ìyá náà dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú abọ́ àkàrà lórí, kò wọlé, kò sì lọ. Àwọn ọmọ tò. Ọmọ náà kò dúró kí wọ́n pe òun, ó ti lọ sí ọwọ́ òsì fúnra rẹ̀. Tíṣà gbé pàṣán dání. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní èmi ni mo kọ́ wọn ní àyẹ̀wò yìí, mo sì kọ́ wọn ní ìdajì. Mo ní àwọn eyín kan wà tí àwọ̀ wọn ti wà nínú wọn kí wọ́n tó hù, bí àwọ̀ ara wa, ọmọ tó ní irú rẹ̀ lè fọnu ju gbogbo wa lọ. Mo mú àkísà, mo nu ọ̀rọ̀ ìgbà náà nù lára pátákó, mo kọ òmíràn: Ìdọ̀tí ni ohun tí orín lè gbá kúrò. Mo ní ẹni tí mo ṣẹ̀ wà láàárín wọn, mo pe ọmọ náà síwájú, mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú." Wọn kò rí i kí àgbà bẹ ọmọdé lójú agbo rí.

Tíṣà sún mọ́ mi létí. "Nọ́ọ̀sì, bí a bá fi ọ̀kan sílẹ̀, lọ́la gbogbo wọn á ní oògùn ló ṣe eyín àwọn."

Ó yẹ kí n fa òun náà sí kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ara mi ti gbóná. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ètè tiyín náà sókè."

Ọkùnrin náà fẹ́ràn obì. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ, ó sì ká ètè rẹ̀ sókè. Eyín rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀ pupa.

"Yéè!" Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ òsì! Sà, ọwọ́ òsì ni!"

Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó ju pàṣán sílẹ̀, ó rìn lọ sí ọwọ́ òsì, ó dúró lẹ́yìn ọmọ tó kéré jù lọ níbẹ̀, ó nàró bí ológun. Ẹ̀rín tún bú. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ náà ṣì dúró síwájú mi. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń wo igi pẹlẹbẹ tí mo fi ń tẹ ahọ́n, tó wà lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí," ó ní, "ta ló ń yẹ ẹnu tiyín wò?"

Ìbéèrè náà bá mi lójijì. "Kò sẹ́ni."

Ó na ọwọ́. Mo gbé igi náà fún un. Mo bẹ̀rẹ̀, mo la ẹnu. Kò kánjú rárá. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní kí n yí síbi tí oòrùn wà, mo yí. Ó tẹ ahọ́n mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń tẹ tiwọn. Nígbà tó ṣe, ó nàró, ó sì kéde rẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, ètè rẹ̀ méjèèjì ṣí, eyín rẹ̀ síta nínú oòrùn òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gòkè wá bo nǹkan kan.

"Ihò wà nínú ọ̀kan lẹ́yìn lápá òsì. Ẹ lọ rí dókítà, mà."

Òótọ́ ni. Ihò ńlá ni. Ọ̀gá dí i fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọmọ náà yí kúrò lọ́dọ̀ mi, ó kọjú sí àwọn tó tò.

"Ẹni tó kàn!"

Tíṣà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì la ẹnu.